Àmì Idán àti Ọfọ̀ Ilẹ̀ Íslándì: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Lemọ́lemọ́

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àmì oògùn àwọn ará Íslándì (Iceland). Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó díjú ló kẹ́yìn.

Kí ni galdrastafur?

"Galdur" ni àwọn ará Íslándì ń pe idán tàbí oògùn. "Stafur" ni ọ̀pá, òun náà ni wọ́n sì ń pe lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di àmì tí wọ́n fín tàbí tí wọ́n yà láti fi ṣe oògùn. Tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á ní galdrastafir. Ìlà ni wọ́n fi ń yà á: ìlà gbọọrọ kan, tàbí méjì tó dábùú ara wọn, tàbí mẹ́rin tó pàdé láàárín bíi wáyà inú táyà kẹ̀kẹ́. Ẹnu ìlà wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fi ìkọ́, òbìrìkìtì tàbí àgbélébùú kékeré sí.

Àmì nìkan kì í dá ṣiṣẹ́. Ìwé oògùn á sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fín in sí, ì báà jẹ́ igi, òjé, idẹ, egungun tàbí awọ màlúù. Ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n á fi kọ ọ́, ọjọ́ tó yẹ, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n á pè sí i. Ẹni tó bá ya àwòrán láìmọ ìyókù kò tíì ṣe nǹkan kan.

Irú èèyàn wo ló ń lò ó?

Àgbẹ̀, darandaran, apẹja àti àlùfáà ìjọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ni jagunjagun onírùngbọ̀n tó gbé àáké lọ́wọ́.

Erékùṣù ni Íslándì, láàárín Nọ́wè àti Greenland. Nǹkan bí ọdún 874 ni àwọn èèyàn láti Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ọdún 1703, nígbà tí wọ́n ka gbogbo ará ilẹ̀ náà lórí, 50,358 péré ni wọ́n. Kò sí ìlú ńlá kankan nígbà náà, abà ni gbogbo wọn ń gbé, abà kan jìnnà sí èkejì. Ìgbà òtútù ibẹ̀ ṣókùnkùn, òjò dídì ń bo ọ̀nà, òkè ayọnáyèéfín ń sọ iná, ọkọ̀ ojú omi tí kò ní òrùlé ni wọ́n sì ń gbé lọ pẹja lójú agbami. Tí àgùntàn bá sọnù tàbí tí wàrà bá gbẹ, ebi ti dé nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn àmì náà wà fún: kí olè di mímọ̀, kí ẹja jẹ ìwọ̀, kí àgbá má jò, kí dòjé mú, kí èèyàn má sọnù nínú ìjì. Ohun tó ń já aráalé láyà ló wà níbẹ̀.

Ṣé àwọn Viking ló ni wọ́n?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ́. Ìgbà àwọn Viking, àwọn jagunjagun atukọ̀ ilẹ̀ àríwá Yúróòpù, ti parí ní nǹkan bí ọdún 1100. Ìwé oògùn tó ṣẹ́kù fún wa lónìí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1500, wọ́n sì ń kọ wọ́n títí di àárín ọdún 1800 sí 1900. Nígbà yẹn, ó ti ju ọdún 500 lọ tí ilẹ̀ náà ti gba ẹ̀sìn Kírísítì, torí ọdún 1000 ni ìgbìmọ̀ wọn, Alþingi, ti fẹnu kò sí i.

Orúkọ mélòó kan ló ti pẹ́ ju àwòrán lọ. Ægishjálmur wà nínú ewì àtijọ́: Fáfnir, ejò ńlá tó ń ṣọ́ wúrà, sọ pé òun gbé e wọ̀ kí gbogbo ayé lè máa bẹ̀rù òun. Ṣùgbọ́n ewì náà kò ya àwòrán kankan. Àwòrán tí ẹ ń rí lára ẹ̀gbà ọrùn, inú ìwé tó dé lẹ́yìn ló ti wá.

Kí ni Vegvísir?

"Vegur" ni ọ̀nà, "vísir" sì ni ohun tó ń tọ́ka. Atọ́nà ni ká pè é. Apá mẹ́jọ ló ní, gbogbo wọn pàdé láàárín. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnu apá wọn kò jọra. Òmíràn là bí àmúga, òmíràn tẹ̀ roboto, òmíràn ní ìlà kéékèèké tó dábùú ú. Bí wọ́n bá yà á kí gbogbo apá rẹ̀ rí bákan náà, kì í ṣe Vegvísir mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Geir Vigfússon, tó ń gbé Akureyri ní àríwá Íslándì, ló kọ ọ́ sínú ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n ń pè ní Huld, ní ọdún 1860. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ẹni tó bá mú àmì yìí dání kò ní ṣìnà nínú ìjì tàbí ojú ọjọ́ burúkú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ogun, kò sọ̀rọ̀ Odin, olórí òrìṣà wọn àtijọ́, kò pè é ní kọ́ńpáàsì.

Ægishjálmur ńkọ́?

Èyí náà lápá mẹ́jọ nínú àwòrán tó gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dọ́gba, apá kọ̀ọ̀kan là sí mẹ́ta lẹ́nu. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àṣíborí ẹ̀rù. Iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ èyí tí à ń pè ní gbẹ́tugbẹ́tu: kí ọ̀tá rí ọ kó rọ, kí ìbínú alágbára kú níwájú rẹ.

Jón Árnason, tó kó ìtàn àwọn ará Íslándì jọ sínú ìwé ní ọdún 1862 sí 1864, kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n á fi òjé rọ àmì náà. Ẹni tó fẹ́ lọ kojú ọ̀tá á tẹ òjé ọ̀hún mọ́ iwájú orí rẹ̀, láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì, á wí pé: "Ægishjálm er ég ber milli brúna mér." Àṣíborí ẹ̀rù ni mo gbé sáàárín ìpéǹpéjú mi. Ó tán, á kọrí sọ́dọ̀ ọ̀tá. Ẹ fojú inú wo ó: òjé tútù níwájú orí, ọkùnrin kan tó ń lọ sílé ẹjọ́ tàbí sílé olówó tó jẹ ẹ́ níyà.

Ṣé ohun kan náà ni àmì yìí àti rúùnù?

Rárá. Rúùnù ni lẹ́tà tí àwọn ará àríwá Yúróòpù fi ń kọ̀wé kí ábídí Látìn tó dé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀, èèyàn sì lè fi kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Galdrastafur kò ní ìró. Òmíràn lè ti ara rúùnù tí wọ́n so pọ̀ jáde, òmíràn jọ àwọn èdìdì Sólómọ́nì tó wà nínú ìwé oògùn ilẹ̀ Yúróòpù.

Àmọ́ wọ́n gbà pé rúùnù náà lágbára, ó sì léwu lọ́wọ́ òpè. Ìtàn Egill Skallagrímsson, akéwì àti jagunjagun ará Íslándì àtijọ́, ló sọ ọ́ tó yé mi jù. Egill dé ilé àgbẹ̀ kan, ó bá ọmọbìnrin ilé náà, Helga, lórí àìsàn tó ti pẹ́. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ládùúgbò ti fín rúùnù fún un. Egill ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí ibùsùn, ó tú ibẹ̀, ó rí egungun àbùùbùtán kan tí wọ́n fín nǹkan sí. Nígbà tó kà á, àṣìṣe ló kún inú rẹ̀. Oògùn ìfẹ́ ni ọmọkùnrin náà fẹ́ ṣe, àìsàn ló dá sílẹ̀. Egill ha rúùnù náà kúrò, ó sun egungun náà níná, ó ní kí wọ́n sá aṣọ ibùsùn, ó wá fín òmíràn sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Egill sì fi ewì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fín rúùnù tí kò bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń pè sí i?

Ọfọ̀ ni, ó sì máa ń ní ìlù nínú. Ẹ gbọ́ ti àwọn oníjàkadì. Gídígbò tiwọn ni glíma. Ẹni tó fẹ́ borí á fi àmì méjì sínú bàtà, Gapaldur lábẹ́ gìgísẹ̀, Ginfaxi lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, á wí pé: "Gapaldur ń bẹ lábẹ́ gìgísẹ̀, Ginfaxi ń bẹ lábẹ́ ìka. Èṣù, dúró tì mí, torí ọ̀ràn ti dé bá mi báyìí."

Ti olè tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá òòlù kékeré tí wọ́n ń pè ní òòlù Þór (Thor, òrìṣà àrá wọn), wọ́n á máa fi gún ohun tó dúró fún ojú olè: "Mo gún un sójú Vígfaðir, mo gún un sójú Valfaðir, mo gún un sójú Ásaþór." Odin ni méjì àkọ́kọ́, Þór ni ìkẹta. Wọ́n ní ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ro olè náà, á sì fi bẹ́ẹ̀ di mímọ̀.

Ṣé Ọlọ́run àwọn Kírísítẹ́nì ni wọ́n ń ké pè ni àbí òrìṣà àtijọ́?

Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé Galdrabók, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, tí ọwọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì kọ, ní oògùn 47. Ojú ewé kan á ké pe Jésù àti Mẹ́talọ́kan lédè Látìn, òmíràn á pe Odin àti Þór, á tún pe Sátánì àti Béélísébúbù mọ́ wọn.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àwọn Kírísítẹ́nì ba ìmọ̀ àtijọ́ jẹ́. Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, agbára ni agbára. Orúkọ tó bá ti jẹ́ ni wọ́n ń pè.

Oògùn wo ló yani lẹ́nu jù?

Fretrúnir, rúùnù ìsó. Inú Galdrabók ló wà. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn kọ ọ́ sára awọ màlúù funfun, kí inú lè máa run ọ̀tá, kó sì máa só láìdáwọ́ dúró, nínú ilé àti láàárín ọ̀rẹ́. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní abà tí gbogbo ará ilé ń sùn sí yàrá kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà òtútù, ìtìjú bẹ́ẹ̀ lè lé èèyàn jáde.

Àwọn tó kù wà ní ìrọ̀rùn. Lásabrjótur ń ṣí àgádágodo: wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á fẹ́ èémí sí i. Kaupaloki wà fún òwò kó lè mówó wọlé. Angurgapi ni wọ́n ń fín sí orí àgbá. Brýnslustafir ni wọ́n ń fín sára òkúta ìpọ́nbẹ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń wọ awọ òkú láti di olówó?

Nábrók lorúkọ rẹ̀, ṣòkòtò òkú. Ìtàn náà wà lákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ àdéhùn ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì á jọ gbà nígbà tí wọ́n wà láàyè pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, kí èkejì lo awọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, á lọ hú u, á bó awọ rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ láìjẹ́ kó lu níbì kankan, á sì gbé e wọ̀. Wọ́n ní á lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́dọ̀ jí owó ẹyọ kan lọ́wọ́ opó tálákà, lásìkò ọdún Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Pẹ́ńtíkọ́sì, láàárín ìgbà tí wọ́n ń ka Èpístélì àti Ìhìnrere nínú ìsìn. Owó náà pẹ̀lú àmì nábrókarstafur ló máa fi sínú àpò ẹpọ̀n òkú náà. Látìgbà náà lọ, owó kò ní tán níbẹ̀, bí kò bá ṣáà ti mú owó opó yẹn kúrò. Ó tún gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú. Bó bá bọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹni tó fẹ́ gbà á á ti ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Hólmavík, wọ́n ṣe é ni, kì í ṣe awọ èèyàn. Ìtàn tó ń dẹ́rù bani nípa ọrọ̀ ni mo kà á sí. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó jà lólè: opó.

Tilberi ńkọ́?

Oògùn àwọn obìnrin ni, wàrà ló wà fún. Obìnrin á jí egungun ìhà òkú lójú oórì lásìkò Pẹ́ńtíkọ́sì, á fi irun àgùntàn wé e, á sì tọ́jú rẹ̀ sáàárín ọmú. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni á máa tu wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sí i lórí títí á fi di ohun abẹ̀mí. Á máa mu ẹ̀jẹ̀ níbi itan obìnrin náà, á sì máa lọ fa ọmú màlúù àti àgùntàn onílé kejì wá fún un. Wọ́n ní bọ́tà tó bá ti ibẹ̀ wá á fọ́ túútúú bí wọ́n bá fi àmì àgbélébùú kàn án.

Àwọn wo ni gbajúmọ̀ olóògùn ilẹ̀ náà?

Sæmundur fróði ni àgbà wọn. Èèyàn gidi ni, àlùfáà ọ̀mọ̀wé ní Oddi, láàárín 1056 sí 1133. Àwọn aráalé ní ilé-ẹ̀kọ́ Èṣù ló lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó bá Èṣù ṣàdéhùn pé tó bá gbé òun dé Íslándì láìjẹ́ kí etí ẹ̀wù òun kan omi, òun di tirẹ̀. Èṣù di ẹran inú òkun, ó gbé e sẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń dé èbúté, Sæmundur fi ìwé Sáàmù gbá a lórí, ó rì, ẹ̀wù tutù, àdéhùn sì ṣẹ́.

Ti Galdra-Loftur kò dùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Hólar ni, ní nǹkan bí ọdún 1720. Wọ́n ní ó jí bíṣọ́ọ̀bù Gottskálk, tó ti kú láti 1520, dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lóru, torí ìwé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Rauðskinna. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ di okùn aago mú, pé kó lù ú nígbà tí ìwé bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ náà tètè lù ú. Òkú àti ìwé wọlẹ̀ lọ, orí Loftur sì dàrú láti ọjọ́ náà.

Ṣé wọ́n pa èèyàn torí àwọn àmì yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín 1625 sí 1683, wọ́n sun èèyàn 21 níná. Jón Rögnvaldsson ló kọ́kọ́ kú bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó rán òkú sí ẹnì kan, wọ́n sì bá ìwé tí wọ́n kọ rúùnù sí nílé rẹ̀. Ní 1654, wọ́n sun ọkùnrin mẹ́ta ní Trékyllisvík, ní Strandir, lẹ́yìn tí gìrì ń mú àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1656, bàbá àti ọmọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Jón Jónsson jóná torí pé àlùfáà wọn, Jón Magnússon, ní àwọn ló fa àìsàn òun. Wọ́n kú tán, ó ní ara òun kò tíì yá, ó tún fẹ̀sùn kan Þuríður, ọmọbìnrin ilé náà. Ilé ẹjọ́ dá Þuríður láre.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí ẹ̀rí ṣe kéré tó. Ìwé pélébé kan tó ní àmì lè tó láti dáná sunni, ìwé tí èèyàn lè ti kọ nítorí àgùntàn tó ń ṣàìsàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n sun?

Obìnrin kan péré ló wà nínú àwọn 21 náà, Þuríður Ólafsdóttir, tí wọ́n sun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní 1678. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, obìnrin ni wọ́n ń pa jù. Ní Íslándì, àmì àti ìwé ni wọ́n ka oògùn sí, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwé kíkọ.

Ṣé àmì náà jẹ́?

Àwọn adájọ́ gbà pé ó jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dáná. Èmi ń wo àwọn 21 yẹn: Lásabrjótur kò ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn.

Ṣé ó bá oògùn tiwa tan?

Kò sí okùn kankan tó so wọ́n pọ̀. Kò sí arìnrìn-àjò tó gbé ọfọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Strandir. Pé àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀rọ̀ lágbára, pé orúkọ pípè ń mú nǹkan ṣẹ, pé èèyàn lè de oògùn mọ́ra, gbogbo ayé ló ní in. Èmi náà lo gbẹ́tugbẹ́tu lókè torí pé ó jẹ́ kó tètè yéni, kì í ṣe pé ọ̀kan bí èkejì. Ìyàtọ̀ ńlá wà: ewé àti egbò ni oògùn tiwa dúró lé, tiwọn dúró lé ohun tí wọ́n kọ.

Kí ló dé tí òòlù Þór fi jọ àmì Hitler?

Nínú àwọn ìwé oògùn kan, bí wọ́n ṣe ya Þórshamar nìyẹn, àgbélébùú tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ẹgbẹ́ Násì tó dé, wọ́n sì lò ó ní Índíà láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e sára lónìí kò lè máa dá gbogbo èèyàn dúró láti ṣàlàyé. Ẹ fi sílẹ̀ sínú ìwé.

Níbo ni mo ti lè rí ojúlówó?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé oògùn ní Hólmavík, ní Strandir, ti wà láti ọdún 2000, ní agbègbè tí wọ́n ti sun àwọn ọkùnrin mẹ́ta ọdún 1654. Huld wà ní ilé-ìkàwé àpapọ̀ ní Reykjavík. Galdrabók wà ní Stockholm, ní Swídìn.

Mo fẹ́ fín Vegvísir sára. Ṣé ó burú?

Kò burú. Björk, olórin ọmọ ilẹ̀ náà, ní in lápá, kò sì sí ará Íslándì tó máa bínú sí yín. Ohun tí ìwé sọ ni pé kí èèyàn mú un dání, kò dárúkọ awọ ara, bẹ́ẹ̀ ni kò kà á léèwọ̀.

Kìkì pé kí ẹ má gba àwòrán tí wọ́n fi òbìrìkìtì rúùnù yí ká. Òbìrìkìtì yẹn kò sí nínú ìwé Geir Vigfússon, àwọn ayàwòrán òde òní ló fi kún un. Ẹ fún ẹni tó máa fín in ní àwòrán Huld, kẹ́ ẹ sì ka ẹnu apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níkọ̀ọ̀kan kó tó fi abẹ́rẹ́ kàn yín.